Àpótí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fura Sí

Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí, tí wọ́n yọ jáde lábẹ́ tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún pupa, ti òsì dúdú. Ó ki ìgbálẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ta nìyẹn? Olè ni yín àbí kí ni?"

Ọkùnrin náà fi orí gbá tábìlì kó tó yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Olè wo ló ń tún wáyà ṣe kó tó jalè? Bàbá yín ló gbà mí síṣẹ́."

"Ìbọ̀sẹ̀ yín ò bára mu."

"Kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀, àfi ọlọ́pàá."

Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti ń pè é ní Ọlọ́pàá mi, orúkọ náà sì bá a mu. Bí ènìyàn bá kí ọmọbìnrin yìí pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ yọjú wo ìta ná. Síbẹ̀ ọkùnrin yìí mọ bí a ti í mú un rẹ́rìn-ín, kí ọmọbìnrin náà sì tó mọ̀, ó ti ń fetí sílẹ̀ de ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Bàbá rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń pe nọ́ńbà àwọn aláìsàn wọlé sọ́dọ̀ dókítà, baba fúnra rẹ̀ ló sì kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rákòrò. Àlejò, bí baba ti ń pe ọkùnrin náà, ló mú kọ̀ǹpáílà tuntun dé, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń sọ ohun tí wọ́n bá kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ètò wá ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú gbogbo wọn dùn. Àlejò rí i pé ara baba yá, ló bá sọ fún un pé òun fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣe aya.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ètò bẹ̀rẹ̀ sí í dákú nílé ìwòsàn. Á máa pe nọ́ńbà lọ geerege, á kàn dákẹ́ lójijì, ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn, àwọn aláìsàn á sì máa du ẹnu ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," baba wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́, kò dákú rí. Bí a ò bá mọ ìdí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, Àlejò á kó irinṣẹ́ rẹ̀, á sì máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ ìyàwó sí mi létí."

Ọlọ́pàá gbé iṣẹ́ dé. Ó fi àwọn ìlà aṣọ́nà sínú ètò, kí wọ́n máa ròyìn ibi tó bá ti ṣubú. Ni ètò ò bá dákú mọ́. Ó yọ wọ́n kúrò, ó tún dákú. Ó dà bíi pé ẹni tó ń ṣe é mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣọ́ òun. Ta sì ni òun sọ fún? Àlejò nìkan. Ó tún rántí pé gbogbo ìgbà tí ètò bá ti dákú, Àlejò kì í sí lórí àga rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Níbo lo máa ń lọ?" ó bi í.

"Iṣẹ́ kékeré kan ni."

"Iṣẹ́ wo?"

Ọkùnrin náà kọjú sí i. "Ìfẹ́ mi, ṣé ètò lò ń ṣọ́ ni, àbí èmi?"

Ọmọbìnrin náà tún kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀. Àlejò gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, kò sì dágbére. Ó dun ọmọbìnrin náà gan-an, ṣùgbọ́n ìfura ò jẹ́ kó sáré tẹ̀ lé e.

Ó tú gbogbo ojú ìwé ètò náà tí Àlejò fọwọ́ kàn wò, ó tú tirẹ̀ náà. Kò rí nǹkan kan. Ó wá ku ẹyọ kan tí kò kà rí láyé rẹ̀, ti bàbá rẹ̀. Ta ní í fura sí ohun tó bá nílé? Àlejò ti fẹ́ kà á nígbà kan, baba fajú ro, Àlejò sì fi í sílẹ̀ nítorí pé àna rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Baba ṣe àpótí kan nínú ètò fún iye àwọn tó ń dúró, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan sínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kọ̀ǹpáílà àtijọ́ máa ń bá a fi òdo síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ti tuntun kì í bá èèyàn gbálẹ̀ ní tirẹ̀. Ìdọ̀tí yòówù tó bá kù nínú àpótí náà ló ń kà sí èèyàn, ètò á sì máa wá aláìsàn tí kò sí títí á fi dákú. Àwọn ìlà aṣọ́nà ló ń ti ìdọ̀tí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbàkigbà tó bá ń ṣọ́ ọ.

Ẹnikẹ́ni ò ṣe é. Àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ọmọbìnrin náà ti ń rákòrò.

Baba ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èmi ni," ó wí. "Mo sì fẹ́ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ. Jẹ́ ká lọ tún un ṣe."

Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gbọ́ ohùn tó ti há. Ètò ti tún dákú, Àlejò sì dúró lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ẹnu pe nọ́ńbà.

"Ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ yín bá ti dákú ló máa ń wá," nọ́ọ̀sì wí. "Ó ní orúkọ bàbá ìyàwó òun ò gbọdọ̀ bàjẹ́."

Baba lọ sídìí ẹ̀rọ láti fi òdo síbi tó yẹ, ọmọbìnrin náà ní tirẹ̀ gba nọ́ńbà, ó jókòó sáàárín àwọn aláìsàn.

"Mọ́kàndínlógójì!"

Ó dìde. Àlejò rí i, ó sọ̀ kalẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló ń ṣe yín?"

"Oògùn kan ni mo lò jù."

"Oògùn wo?"

"Ìfura. Wọ́n ní oògùn àgbà ni, èmi ò sì tíì dàgbà." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ìtọ́jú rẹ̀ máa pẹ́ o, Ọlọ́pàá mi. Ó lè gba gbogbo ọjọ́ ayé wa."

"Mo ti gbà. Bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Baba wúkọ́ nídìí ẹ̀rọ. "Àlejò..." Ó tún un pè. "Ọmọ mi, àwọn èèyàn ń dúró. Tí o bá ṣe tán, lọ mú ìyá rẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Ọkùnrin náà lanu láti pe nọ́ńbà tó kàn, ohùn ò jáde mọ́. Ọmọbìnrin náà gun bẹ́ǹṣì, ó bá a pè é. "Ogójì!"