Adìyẹ Inú Kànga

Agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n fi okùn fa òkú Ẹ̀gbọ́n jáde láti inú kànga tí òun àti àbúrò rẹ̀ ń gbẹ́ síwájú ilé wọn, kò sì sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Okùn kò já. Ògiri kànga kò ya. Omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dé orúnkún. Ọkùnrin tó ti fi ọdún méjìlélógún gbẹ́ kànga dùbúlẹ̀ sórí yanrìn bí ẹni tó ń sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ti ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán.

"Ẹ wò ó," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ẹni tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè ní Opó kí ara ọkọ rẹ̀ tó tutù. "Wọ́n ti kó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jọ sójú kan kó lè rọrùn fún wọn láti mu."

"Àwọn ta?" ni aládùúgbò kan bi í.

Opó gbé ojú sókè, ó sì gbé e lé Aránṣọ.

Aránṣọ ni ìyàwó Jẹ́jẹ́, àbúrò olóògbé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń gbẹ́ kànga, ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn. Ó pé ọdún mẹ́rin tí Aránṣọ ti wọlé, kò tíì bímọ. Lọ́dún náà, oyún Opó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àgbàdo oko wọn sì gbẹ kó tó yọ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ní ẹlẹ́bi tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n kú ni wọ́n ní ẹlẹ́bi, nítorí pé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ létí gbogbo ilé pé, "Kànga yìí ló máa gbé yín mì lọ́jọ́ kan." Ó fẹ́ kí ọkọ òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni. Ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́; èpè ni wọ́n gbọ́.

Jẹ́jẹ́ mọ ohun tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsìnkú ló sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá wọn, lẹ́yìn tó ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin tí òórùn epo kò sì kúrò níbẹ̀.

"Mo gbé pọ́ǹpù wọ inú kànga," ó wí.

Aránṣọ gbé ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lé itan, ó ń rán aṣọ nínípọn mọ́ orúnkún rẹ̀ kí òkúta má baà bó o lára. Abẹ́rẹ́ dúró.

"Pọ́ǹpù tó ń mu epo?"

"Rọ́bà tó fi ń fa omi ò gùn tó láti òkè. Ẹ̀gbọ́n ti lọ jẹun. Ó sú mi láti máa fi garawa fa omi. Mo gé pákó, mo há a sí agbedeméjì kànga, mo gbé pọ́ǹpù lé e, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, mo sì fà á jáde pẹ̀lú pákó náà."

"Ṣé Ẹ̀gbọ́n ò sọ fún ọ pé òkè ni pọ́ǹpù ń gbé ni?"

"Ó sọ ọ́ títí. Èéfín rẹ̀ ò ríbi jáde. Nígbà tó dé, tó rí i pé omi ti lọ sílẹ̀, ó ní, 'O ṣe bẹbẹ lónìí, àbúrò.' Ó ń yìn mí títí tó fi sọ̀ kalẹ̀."

"Màámi gbọ́dọ̀ gbọ́."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi. Lọ́la. Bó o bá nífẹ̀ẹ́ mi, má bá mi sọ ọ́."

Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò bá a sọ ọ́.

Ọ̀la dé, ọ̀la kọjá. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹyẹ kan bà sórí òrùlé yàrá Aránṣọ, ó ń ké. Ẹyẹlé fókánáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì ni. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹyẹlé mi ni o," ni fókánáísà pariwo láti ìdí táyà. "Ẹ wo okùn pupa tí mo so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé àjẹ́ kì í so okùn mọ́sẹ̀?" ni Opó dá a lóhùn.

"Ó dáa. Ẹ bá mi sọ fún àjẹ́ náà kó máa bọ̀ nílé, kò tíì jẹun láti àárọ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò gba Aránṣọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Opó àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Aránṣọ jù síta, wọ́n sì fi òkúta lù ú títí ó fi di irin wẹ́wẹ́. Ní ọjọ́ keje, ìyá ọkọ rẹ̀ pè é sí àgbàlá. Irin tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń fọ́ àpáta wà lọ́wọ́ ìyá náà.

"Ọmọ mi dà?"

"Màámi, ẹ mọ̀ mí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá yín gé èékánná."

"Ọwọ́ tó ń gé èékánná mi náà ló wá gba ẹ̀mí ọmọ mi?"

Ó kọ́kọ́ fi irin náà lù ú ní èjìká. Ó lù ú lẹ́yìn. Nígbà tó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kẹta, Aránṣọ fi apá ọ̀tún bo orí. Egungun dá, ó sì dún. Ẹ̀yìn ilé ni Jẹ́jẹ́ wà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ó ń fi fáìlì pọ́n ṣọ́bìrì. Ó gbọ́ lílù àkọ́kọ́. Ó gbọ́ ìkejì. Ó gbọ́ egungun. Ó dá ọwọ́ dúró títí igbe náà fi rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń pọ́n ṣọ́bìrì rẹ̀ lọ.

"Lọ́la," ó wí nínú yàrá, bó ti ń di igi pẹlẹbẹ méjì mọ́ apá ìyàwó rẹ̀.

"Apá tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nìyí."

"Mo mọ̀. Dákun. Wọ́n máa pa mí ni."

"Èmi ńkọ́, kí ni wọ́n ń ṣe fún mi?" Kò gbé ohùn sókè. "Mi ò ní sọ ọ́ fún wọn. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo tún fẹ́ pa ọmọ ìkejì. Ẹnu rẹ ló ti gbọ́dọ̀ jáde."

Ní ọjọ́ kọkànlá, Opó mú Aríran wá, ọkùnrin kan tó wọ jígí dúdú, tó sì gun alùpùpù. Ó yí kànga náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀mí olóògbé ṣì wà nísàlẹ̀," ó wí. "Ẹni tó fi í síbẹ̀ ni kó lọ gbé e wá. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, á jáde láàyè."

"Omi ti kún padà," ni fókánáísà wí. "Ìyẹn ò ní wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ fi pọ́ǹpù fà á," ni Aríran dá a lóhùn.

"Rọ́bà ò dé ìsàlẹ̀."

"Ẹ há pọ́ǹpù sí àárín, kí ló le níbẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló yẹ kó sọ: èmi ni mo ṣe é. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé pákó wá, ó sọ̀ kalẹ̀ dé agbedeméjì, ó há a síbẹ̀, ó gòkè padà. Ó tan pọ́ǹpù, ó sì fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Fún wákàtí kan, ẹ̀rọ náà ń bú nínú ilẹ̀. Aránṣọ jókòó sórí yanrìn, wọ́n ti so okùn mọ́ ọn níbàdí. Òun nìkan, yàtọ̀ sí Jẹ́jẹ́, ló mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń sè sílẹ̀ dè é. Kò wo kànga. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Wọ́n fa pọ́ǹpù jáde. Àwọn ẹ̀gbọ́n Opó gbé Aránṣọ dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ kan bọ inú kànga.

"Ẹ jẹ́ kí adìyẹ kọ́kọ́ wọlẹ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bó ti ń sọ ọ́. Fókánáísà kò bi í léèrè. Ó mú adìyẹ kan nínú ti ara rẹ̀, ó fi í sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ń ké nígbà tó kọjá pákó. Lẹ́yìn náà kò ké mọ́. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ gòkè, adìyẹ náà ti kú, ògbe orí rẹ̀ pọ́n roro.

Ìyá ló kọ́kọ́ lanu.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni, Màámi."

"Bàbá rẹ gbẹ́ kànga títí tó fi kú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọn pákó." Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò fẹ́ kà. "O ò wọn èyí lónìí. O gbé e wọlé, ó sì há rẹ́gí. Ìgbà wo lo gé e?"

Jẹ́jẹ́ wo pákó náà nínú kànga bíi pé òun ló máa dáhùn. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún náà, ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn àsìkò rẹ̀.

Opó ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀ tí wọ́n fi ń yọ garawa ló fi ya ojú rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi igi tẹ̀ lé e, fi bàtà tẹ̀ lé e, eyín rẹ̀ méjì sì jábọ́ sórí yanrìn kí fókánáísà tó dùbúlẹ̀ lé e lórí. Alùpùpù Aríran ti dé ìkòríta nígbà náà. Ìyá kò bá wọn lù ú. Iwájú Aránṣọ ló kúnlẹ̀ sí, ó fẹ́ fọwọ́ kan apá tó dá. Aránṣọ gbé apá náà kúrò.

Ọwọ́ òsì ló fi tú okùn ìbàdí rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

"Mo sọ̀rọ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gbìyànjú dìde, orúnkún ló dé. "Ìwọ náà rí i. Nítorí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ni mo fi sọ̀rọ̀."

"O ò sọ̀rọ̀," ni Aránṣọ wí. "Adìyẹ lo rán."

Ó gba ojú títì lọ sí ilé ìwòsàn. Jẹ́jẹ́ wà lórí orúnkún rẹ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, yanrìn náà sì kún fún òkúta wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kò bó o lára. Aṣọ nínípọn tí ìyàwó rẹ̀ rán mọ́ ṣòkòtò náà kò tíì já.