Ìwé Keje

Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́ kó pè é. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀.

Aránṣọ kan ló ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé. Awò ojú ọ̀rẹ́ náà nípọn, aránṣọ sì sọ ọ́ ní Onígíláàsì. Òun náà sọ aránṣọ ní Abẹ́rẹ́. Látọjọ́ tí Onígíláàsì ti gbé aṣọ wá rán ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé ìyá Abẹ́rẹ́, bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.

Orin ìgbàlódé ni ayé Abẹ́rẹ́. Ti Onígíláàsì ni ìwé ìtàn aláwòrán, ìtàn àwọn tó ń wakọ̀ láàárín ìràwọ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń júwe èyí tó dùn fún ara wọn.

"Gbọ́ orin yìí. Tí o ò bá jó, wá bú mi."

"Orin tí kò lórí, tí kò nídìí! Ka ìwé kẹta yìí ná. Oorun á dá lójú ẹ."

"Ìwọ àtàwọn èèyàn olórí méjì ẹ!"

Báyìí ni Abẹ́rẹ́ ṣe kà á dé ìkẹfà. Ìkẹjọ ni Onígíláàsì gbé fún un tẹ̀ lé e.

"Ìkeje ńkọ́?"

"Ó ti sọnù. Kò tiẹ̀ dùn."

Ohun kan wà lọ́kàn Abẹ́rẹ́ tó wúwo. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, ìyá pè é láti yàrá. Abẹ́rẹ́ ń rán aṣọ lọ́wọ́, orin tó fẹ́ràn jù sì ń lọ lórí rédíò. Ìyá tún pè é. Ó rò pé omi tí ìyá máa ń ní kó bu wá náà ni. Ó nawọ́, ó yí ohùn rédíò sókè. Nígbà tí orin parí, ilé ti dákẹ́. Onígíláàsì nìkan ló sọ ọ́ fún, tẹkúntẹkún. Onígíláàsì dì í mọ́ra. "Inú mi ló máa kú sí," ló wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Abẹ́rẹ́ lọ dá ìwé padà nílé Onígíláàsì. Kò síná látàárọ̀. Onígíláàsì ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé.

"Wọlé jàre. Tò ó síbi tí o ti mú un."

Yàrá inú ni pẹpẹ ìwé wà. Abẹ́rẹ́ ti ìwé náà bọ àárín àwọn yòókù. Kò wọlé dáadáa. Nǹkan kan dí i lẹ́yìn. Ó fà á yọ. Ìkeje ni.

Ó ṣí i. Obìnrin kan jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Àpá abẹ́rẹ́ wà ní àtàǹpàkò òsì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wo àtàǹpàkò tirẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kejì. Ìyá arúgbó kan ń pe obìnrin náà láti yàrá. Obìnrin náà nawọ́ sí rédíò.

Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dùn ún dé eegun.

Nígbà tó gbójú sókè, Onígíláàsì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"O tà mí," ni Abẹ́rẹ́ wí. "O sọ ọ́ fáwọn tó kọ ìwé yìí."

"Mi ò sọ fẹ́nì kan."

"Ta ló wá sọ fún wọn?"

"Wo bébà yẹn. Ó ti gbó. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà tí mo rà á." Ó nu ọwọ́ sí aṣọ. "Mo ti kà á kí n tó mọ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí mo rí àpá ọwọ́ ẹ, mo mọ̀ pé ìwọ ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń wá."

"Màmá mi ṣì wà láyé nígbà yẹn."

"Wọ́n wà. Àwọn ni wọ́n gbé àga fún mi."

"O mọ̀! O ò sì sọ nǹkan kan?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló máa rí."

Abẹ́rẹ́ ṣí ẹ̀yìn ìwé náà. Wọ́n ti fa ojú ewé tó kẹ́yìn ya.

"Kí ló wà níbí?"

Onígíláàsì yí padà, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Ilẹ̀kùn yẹn kò ní kọ́kọ́rọ́ rí. Abẹ́rẹ́ fi èjìká tì í. Kò ṣí.

"Onígíláàsì!"

Ó tún pè é.

"Onígíláàsì!"

Ní pálọ̀, rédíò tí kò sí iná tó lè gbé e bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Abẹ́rẹ́ mọ orin náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, orúkọ tí òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ló fi pè é.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sídìí rédíò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i sókè.