Ọ̀nà Tó Lọ sí Efire

Ọjọ́ tí Raheemah kọ́kọ́ fojú kan Túnmiṣe, ẹ̀rín ló fi kí i, nítorí ohun tó ń fi pákó ṣe.

Òkè-Àgbò ni, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi ìlagi tí bàbá Raheemah, olóògbé Hàmídù, fi sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ti wà láàárín pákó láti àárọ̀, ó ń fi ìka lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí wọn bí ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ra pákó náà ni, àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó?"

Ó gbójú sókè. "Ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ fi kàn. Pákó tó bá purọ́ fún mi níbí, àárín omi ni n ó ti mọ̀."

"Omi ibo?"

"Omi Efire."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé, bẹ́ẹ̀ pákó tó rà lọ kò tíì tán. Nígbà tó fi máa wá lẹ́ẹ̀kẹrin, kò pe Raheemah ní orúkọ mọ́. "Ọmọ òkè mi" ló ń pè é. Raheemah náà ń pè é ní "ará omi." Ọkàn rẹ̀ ti lọ, ó sì mọ̀ pé ó ti lọ.

Ọ̀rọ̀ dé etí Àlájì Àbdùlgàfár, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé. Ẹ̀rù ń ba Raheemah pé ìjọ Aláàdúrà ni Túnmiṣe ń lọ, ṣùgbọ́n Àlájì ju ọwọ́ nù.

"Ẹ̀sìn kọ́ nìṣòro. Ó pẹ́ tí onímọ́ṣáláṣí àti oníṣọ́ọ̀ṣì ti ń jẹun pọ̀ nílé yìí. Ilé ta ni ní Efire?"

"Ilé Akínyẹlé, sà."

Ojú Àlájì yí padà.

"Wárápá wà nílé yẹn. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ fẹ́ Naomi, ọmọ wọn, ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Bàbá rẹ ni mo rán lọ ṣe ìwádìí. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó padà wá sọ ohun tó rí. Mo jáwọ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Kí ìdílé tó bá ìdílé dána, wọ́n á rán ẹni tí wọ́n fọkàn tán lọ: ṣé wọn kì í jalè, ṣé kò sí àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn? Tí ẹni náà bá ti lè dárúkọ wárápá, kò sẹ́ni tí í béèrè ìbéèrè kejì.

"Lọ fojú ara rẹ rí i," ni Àlájì wí. "Tó bá jẹ́ òótọ́, wàá gbàgbé ọmọ náà. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, sà."

Kò sí ibi tí kò mọ̀ nínú ìrìn àjò bàbá rẹ̀ yẹn. Àtikékeré ni bàbá náà ti máa ń sọ ọ́ fún un: bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣe já ní Awà tí ìyá kan bu ìkọ́kọrẹ́ fún un, bí òrùlé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ṣe jò sí i nímú, bí omi Màkún-Omi ṣe ń pọ́n nígbà tí oòrùn bá ń yọ. Tó bá wá kan Efire, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀. "Mo dé ibẹ̀, mo rí i, mo padà." Raheemah kò bi í léèrè rí.

Wọ́n gbéra láàárọ̀ kùtù lórí ọ̀kadà Túnmiṣe. Ọyẹ́ bo igbó kòkó mọ́lẹ̀. Àwọn igi obì yọrí nínú rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, ìlú sì ń yọ sí wọn díẹ̀díẹ̀, òrùlé kan, lẹ́yìn náà ohùn àkùkọ, lẹ́yìn náà èéfín. Ó ń ṣe Raheemah bíi pé kẹ̀kẹ́ kan ń lọ níwájú wọn, tí àwọn kò sì ní bá a.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, ó rí i pé Túnmiṣe ti dákẹ́ jù.

"Kí ló dé, ará omi?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ òkè mi. N ò rí wárápá rí nílé wa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fi pamọ́ fún mi ńkọ́?"

Raheemah gbé orí lé e lẹ́yìn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń dùn ún. "Jẹ́ ká dé ibẹ̀ ná."

Ní èbúté Màkún-Omi, ìyá arúgbó kan jókòó, ó ń hun ẹní. Mary lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí Raheemah dárúkọ Hàmídù oníkẹ̀kẹ́, ìyá náà ju ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀la-ni-n-ó-lọ! Áà, ọma Ọ̀la-ni-n-ó-lọ rèé!"

"Kí nìyẹn, ìyá?"

"Orúkọ tí a sọ ọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó síbí. Bí ọkọ̀ bá ti kún, á ní ọ̀la lòun ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ọkọ̀ mì, ó bú sẹ́kún. Ìyá mi ní kó lọ sọ nílé pé omi ba òun lẹ́rù. Ó ní ojú á ti òun."

"Kò dé Efire?"

"Efire kẹ̀? Kò kúrò níbi tí o dúró sí yìí."

Irọ́ ni wárápá náà, ńṣe ni bàbá Raheemah fi bo ìtìjú ara rẹ̀. Túnmiṣe mí kanlẹ̀. Ayọ̀ ni fún un. Ayọ̀ ni fún Raheemah náà, ṣùgbọ́n ó ń sunkún. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Tó bá dákẹ́, ìfẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Tó bá sọ ọ́, bàbá rẹ̀ tó ti kú ló bàjẹ́ yẹn.

Ó padà sílé, ó sọ ọ́ fún Àlájì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti bàbá rẹ̀ ti lọ fún ogójì.

Àlájì gbọ́ ọ tán lórí ẹní ìkírun rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn dà bí ẹni tó darúgbó lójijì.

"Ṣé Naomi ṣì wà?" ló béèrè.

"Ó wà, sà. Ẹ̀gbọ́n bàbá Túnmiṣe ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú."

"Sọ fún ọmọ náà kó wá gbé mi lọ."

Lọ́jọ́ Sátidé, nínú ọkọ̀ tí Túnmiṣe fi pákó Òkè-Àgbò kàn, Àlájì di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Omi tẹ́jú lọ salalu, òṣíbàtà ń mì, kò sí òpin níwájú, kò sí lẹ́yìn.

"Hàmídù," Àlájì wí jẹ́jẹ́, "mo ti rí ohun tí o rí. Mo dárí jì ọ́."

Raheemah gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ní Efire, ìyá kan tó wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì dúró létí omi, láìwọ bàtà. Ó wo àgbàlagbà inú ọkọ̀ títí.

"Àlájì," ó wí, "ìwádìí yín mà pẹ́ o."

Àlájì ṣí fìlà. "A ti ṣe é tán, Naomi. Àléébù kan ṣoṣo la rí, ọ̀dọ̀ tiwa ló sì wà. Tí ẹ bá lè gbà wá bẹ́ẹ̀, ẹ wá tọrọ ọmọ wa."

Naomi rọra wọ inú omi dé kókósẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí Àlájì kó lè sọ̀ kalẹ̀.