Irin Pẹlẹbẹ Inú Àpò Delmar

Ìdíje ìkẹyìn ọdún ni wọ́n wá ṣe ní adágún Kessel lọ́jọ́ Sátidé náà, orúnkún sì ti ń dun Delmar Kvamme kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ọdún kọkànlá rèé tí òun àti Janelle ọmọ rẹ̀ ti ń wọ́ ọkọ̀ asáré kékeré kan kiri gbogbo adágún Wisconsin. Ọmọ á wa ọkọ̀ lórí omi, bàbá á tún ẹ́ńjìnnì ìdí rẹ̀ ṣe. Wọn ò gba ife ọdún rí. Ó ti rẹ bàbá.

"Dádì, tá a bá fi lè gba ife lónìí, a ó ta ọkọ̀ yìí," Janelle wí bó ṣe ń de akoto mọ́rí. "Ẹ lọ sinmi. Ẹ máa pẹja yín."

"Kó rí bẹ́ẹ̀," ni Delmar fèsì.

Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àmọ́ ìsọ̀rí méjì ni wọ́n fi ń sá. Ní ìsọ̀rí àwọn tó yára, bó ṣe wà ni wọ́n ń lò ó. Tó bá kan ìsọ̀rí kejì, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ki irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò kékeré bọ ẹ́ńjìnnì lọ́fun, kí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lè dín kù, kí eré náà sì dín kù. Ìsọ̀rí kejì yìí ni Janelle ti fẹ́ gba ife.

Wọ́n sá ti àkọ́kọ́, wọ́n ṣe ipò kẹrin. Delmar jẹ sọ́séèjì kan lórí ìdúró, ó bu epo, ó yí ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn díẹ̀ kí imú ọkọ̀ lè gbé sókè, bó ṣe máa ń ṣe fún eré tí kò yá púpọ̀. Ó yáwọ́, wọ́n ti ń pè wọ́n.

Ọkọ̀ márùn-ún péré ló jáde fún ìsọ̀rí kejì. Kí wọ́n tó dé ìkẹta nínú àwọn àmì tó léfòó lójú omi láti fi ọ̀nà eré hàn, kò sẹ́ni tó sún mọ́ Janelle mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gbogbo ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lórí omi. Ṣùgbọ́n ó padà balẹ̀, ó sì borí.

Delmar pàtẹ́wọ́ tán, ó ki ọwọ́ sápò láti mú áńkáṣíìfù. Irin pẹlẹbẹ ló bá níbẹ̀. Ó rántí gbé imú ọkọ̀ sókè, kò rántí ki irin bọ̀ ọ́.

Rodney Pelkey, tó ṣe ipò kejì, ń kọjá lọ. "Ẹ kú oríire o, Bàbá Janelle. Ẹ ò ní rí wa lọ́dún tó ń bọ̀."

"Kí ló dé?"

"Kí la fẹ́ wá ṣe? Omi tí ọkọ̀ yín ń ta sí wa lójú la kàn ń wá mu."

Tí Pelkey bá lọ, ó ku ọkọ̀ mẹ́rin. Ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje kì í sì í sá ìsọ̀rí tí kò bá pé márùn-ún.

Janelle dé, ó rí irin lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ tètè ki irin yẹn bọ̀ ọ́," ó rọra wí. "Ẹ̀gbọ́n Arlys aṣàyẹ̀wò ṣì ń wọn ọkọ̀ ẹlòmíì. Wọn ò tíì tú ẹ́ńjìnnì tiwa wò."

"Àwọn èèyàn ń wò."

"Ta ló ráyè yín? Ọdún mọ́kànlá, Dádì! Ṣé ẹ ò fẹ́ sinmi ni?"

Ó fẹ́ sinmi. Kí a má parọ́, ó fẹ́ ẹ gan-an. Ó mú sípánà, ó tú bóòtù kan. Ó wá dúró.

"Kí ló ṣe ọkọ̀ ní àmì kẹta?"

"Ó fò. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé atẹ́gùn ni."

"Kì í ṣe atẹ́gùn. Èmi ni. Mo gbé imú ọkọ̀ sókè, mi ò sì dín eré rẹ̀ kù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́."

Ó gbé irin náà lọ bá Arlys Brandt, aṣàyẹ̀wò ẹgbẹ́, níbi òṣùwọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni obìnrin náà, kò sì sí èébú tí wọn ò tíì bú u nítorí iṣẹ́ yìí.

"Ẹ̀gbọ́n, àpò mi ló wà. Mo gbàgbé."

Arlys mí kanlẹ̀. "Ó dáa tó o sọ kí n tó tú u. Eré òní nìkan lo pàdánù. Ká ní èmi ni mo rí i pé o fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ ni, ọdún kan gbáko lẹ ò bá fi jókòó sílé. Ẹ ń pè mí ní ìkà. Irin yìí kì í ṣe ìyà, Delmar. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì olówó fi ti aláìní ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ẹni fò."

Rodney ti gbọ́. "Ṣé gbogbo ọdún lẹ ti ń gbàgbé ni?"

"Ìwé àyẹ̀wò gbogbo eré tá a ti sá wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Lọ kà á."

Rodney kà á ní ìdúró, ó pẹ́. Kò sí eré kan ṣáájú òní tí irin náà kò sí nínú ẹ́ńjìnnì wọn. Òun ni ife já mọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Tẹ́ ẹ bá ń ki irin yìí bọ̀ ọ́ níṣojú mi lọ́dún tó ń bọ̀, mo máa wá," ló wí.

Janelle sunkún nínú mọ́tò. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ṣé a ṣì máa wá?"

"A máa wá," ni Delmar sọ. Ó rẹ̀ ẹ́ ju ti àárọ̀ lọ. "Tá ò bá wá, wọ́n á ku mẹ́rin."

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ́ńjìnnì kan sá ìsọ̀rí méjì, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ yí padà sínú ìwé, kí ẹlòmíì sì tún un wò kí ọkọ̀ tó kan omi. Ó lè rẹ èèyàn, àṣìṣe sì lè ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Ẹ má bínú sí aṣàyẹ̀wò. Ife á tún wà lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi ìrẹ́jẹ lé lọ kì í padà wá, ẹnì kan kò sì lè dá sá eré ìdíje.