Ohùn tí Kò Lo Bátìrì

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ilé wa ní Àrán-Ọ̀rin ló ti ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe.

Bàbá mi, Bùkárì, kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ọ̀kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lójú ọ̀nà oko. Ọlọ́kadà fun fèrè títí, bàbá ò yà. Èmi Lubabah, tí mò ń tún rédíò àti fóònù ṣe, mo ní mo máa ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa gbé ohùn sókè sí i létí.

Mo ya ọ̀nà tí iná máa gbà, àwọn onítẹ̀wé bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà tó ń dán. Mo dojú bébà náà dé pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ bàbà mọ́. Kò síná, áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ títí yíǹkì fi lẹ̀ mọ́ bàbà. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo rọra bó bébà kúrò. Mo wá kì í bọ ásíìdì nínú abọ́ oníke. Ásíìdì jẹ gbogbo bàbà tí yíǹkì ò bò. Ọ̀nà iná nìkan ló kù, tín-ín-rín, bí ipa èèrà. Mo lu ihò sí i, mo fi òjé gbígbóná lẹ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀sán ni. Oòrùn mú, àdúgbò pa lọ́lọ́. Adìẹ pàápàá ò ké. Mo ki okùn etí tó wà lára ẹ̀rọ náà bọ bàbá létí kan, kí n lè wò ó bóyá ó bá a mu. Mo yíjú láti mú bátìrì.

"Ta ló ń pe Jàrátù?"

Mo dúró. Jàrátù lorúkọ ìyá mi. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Lubabah ni gbogbo ayé ń pè é.

Mo pariwo sí etí kejì. "Bàbá, n ò tíì fi bátìrì sí i."

"Obìnrin ni. Ohùn rẹ̀ tutù." Ó nàka sí ẹ̀yìnkùlé. "Ọ̀hún ló wà."

Ìyá mi nìkan ló wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ ohun tí bàbá wí fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àtẹ.

"Òun náà gbọ́ ọ?" Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. "Láti àná ló ti ń pè mí. Mi ò jẹ́ ẹ. Mi ò rí ẹni tó ń pè, irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í sì í dákẹ́ àfi tí ẹnìkan bá jẹ́ ẹ."

Mo fi bátìrì sí ẹ̀rọ náà. Bàbá gbọ́ ewúrẹ́. Ó gbọ́ ìgbálẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásàárì, ó gbọ́ ọ, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ obìnrin yẹn mọ́. Àfi tó bá yọ bátìrì. Èmi náà fi sí etí mi, n ò gbọ́ nǹkan kan.

Ó wá di ìṣe. Bí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, bàbá á yọ bátìrì, á dẹtí. Ìyá mi á fẹnu sún mọ́ etí kejì rẹ̀.

"Bàbá Lubabah, ṣé ó ṣì ń pè?"

"Ó ṣì ń pè."

Ìyá mi á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bàbá dẹtí títí. Ó yọ okùn náà, ó nù ún, ó tún fi sí etí.

"Ó ti dákẹ́," ló wí.

Ìyá mi wò mí. Èmi náà wò ó. Kò sẹ́nìkan nínú wa tó béèrè ẹni tó dá a lóhùn.