Ẹni Tó Wà Lórí Okùn

Ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní Keweenaw, lẹ́bàá adágún Superior nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Bí Aune, obìnrin tó ń gbé ilé náà, ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, ibi tó sì ti dákẹ́, èmi náà dákẹ́ síbẹ̀.

Oṣù kọkànlá ni. Òjò dídì kò tíì bẹ̀rẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti wà nínú afẹ́fẹ́. Ní ìgbà òtútù tó ṣáájú, iná mànàmáná lọ, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kú, Reino, bàbá Aune, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Eruku kòtò ìwakùsà bàbà tó ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Òtútù díẹ̀ báyìí, èémí á há. Dókítà sọ fún Aune pé bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n gbé bàbá lọ sí ilé àwọn arúgbó.

"Ẹ kúkú sin mí sínú yìnyín," ni Reino wí. "Ìyẹn sàn. Wọn ò mọ kọfí í sè níbẹ̀ yẹn."

Ìdí nìyí tí Aune àti Wendell ọkọ rẹ̀ fi ra sítóòfù tó ń lo igi. Ibi ìdáná tó wà nílé wọn kì í ṣe ti bíríkì. Àpótí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí ilé iṣẹ́ ṣe, tí àwọn kọ́lékọ́lé wá gbé há àárín ògiri onípákó. Ẹwà lásán ni. Gbogbo ooru rẹ̀ ló ń bá èéfín jáde. Sítóòfù yóò wọ inú àpótí yìí, páìpù tuntun yóò sì gba inú ihò èéfín àtijọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé wá bá a. Láìsí páìpù yẹn, iná lè ran pákó inú ògiri, kí ilé jó mọ́ wọn lórí.

Orúnkún Wendell kò dára, nítorí náà Aune ló gun òrùlé. Wendell ni yóò wà níbi ìdáná nísàlẹ̀, tí yóò máa fa okùn tí wọ́n so mọ́ ẹnu páìpù. Wọn ò ní lè gbóhùn ara wọn. Reino ló fún wọn ní àmì, bí wọ́n ṣe ń lu agogo nínú kòtò láyé ọjọ́un.

"Ẹ̀ẹ̀kan, dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, èèyàn wà lórí okùn, fà á sókè jẹ́jẹ́."

"Bàbá, páìpù yìí ò gba ológbò," ni Wendell wí. "Ta ló fẹ́ gùn ún?"

"Kí n kọ́ ẹ pé ni mo fẹ́. Ìwọ àti àbọ̀ ẹ̀kọ́ ti ń bá ara yín bọ̀ tipẹ́."

Lórí òrùlé, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹyẹ. Adágún wà lókèèrè, ó rí bí irin. Aune ju okùn sínú ihò, ó ki ẹnu páìpù bọ̀ ọ́, ó dúró.

Okùn gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ páìpù kalẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ geere. Ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ mọṣẹ́. Kò kánjú, kò fa àfàjù. Aune ní Wendell ti ń gbọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan. Ó dúró.

Páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń rọra gbé ara lé e.

Okùn gbọ̀n. Ó tún gbọ̀n. Ó tún gbọ̀n.

Aune rẹ́rìn-ín. "Wendell, àwàdà ẹ pọ̀."

Ilẹ̀kùn àká ẹ̀yìnkùlé ró. Wendell ló jáde níbẹ̀, àpò ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Má tíì bẹ̀rẹ̀ o," ó ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdè páìpù náà ni."

Páìpù ṣì wúwo. Aune wo ọkọ rẹ̀, ó wo ihò. Kò fà á sókè. Kò lè sọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Ó kàn dì í mú, títí ìwúwo náà fi kúrò lójijì, bí ẹni tó já bọ́. Kò gbọ́ ìró ibi tó bọ́ sí.

Wọ́n wọlé. Reino wà lórí àga rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé, ọ̀pá rẹ̀ wà lórí itan. Kò lè dìde láìsí ẹni tó gbé e. Ìdí okùn wà nílẹ̀ ibi ìdáná, a ti ká a róbótó, bí àwọn awakùsà ṣe ń ká a.

"Bàbá, ta ló wọlé síbí?"

"Mo rò pé ọkọ rẹ ni. Mo ń gbọ́ tí okùn ń ha irin." Ó yí ọ̀pá orí itan rẹ̀ padà. "Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kà á. Ṣé o gbé e sókè?"

"Rárá, Bàbá."

Reino kò wò ó.

"Atẹ́gùn ni," ni Wendell wí.

"Atẹ́gùn kì í ka nǹkan," ni Reino wí.

Wọ́n parí iṣẹ́ náà, torí òjò dídì kì í dúró de ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Wọ́n so páìpù mọ́ sítóòfù. Wọ́n kan àmì irin kékeré mọ́ àpótí pé wọ́n ti yí i padà, kí ẹnikẹ́ni má dáná sínú rẹ̀ láìsí sítóòfù mọ́. Olùyẹ̀wò ìjọba wá, ó tan tọ́ọ̀ṣì síbi gbogbo, ó ní iṣẹ́ dára. Lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè bóyá wọ́n ní ajá.

"A ò ní ajá," ni Aune wí.

Ó bojú wẹ̀yìn wo ògiri ibi ìdáná, bí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń ha nínú rẹ̀. Ó lọ.

Ní oṣù kìíní, yìnyín já wáyà, iná lọ. Wọ́n dáná. Ooru kún yàrá, ẹ̀jẹ̀ padà sójú Reino, ó ní kí wọ́n bu kọfí fún òun. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Aune. Irin sítóòfù ń dún tín, tín, tín. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Irin tó bá gbóná a máa na ara.

Ó ṣe, irin náà dákẹ́. Láti inú ògiri, lókè lọ́hùn-ún, ìró kan dún: kò. Kò. Kò.

Wendell gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "N ó pa iná yìí."

"Tó o bá pa á, òtútù á pa Bàbá."

Reino na ọ̀pá rẹ̀, ó kan ògiri lẹ́ẹ̀kan. Ògiri dákẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó máa jó," ó ní. "Á dúró. Dídúró kì í ṣe tuntun sí i. Láti ayé kòtò ló ti ń dúró."

"Ta ni, Bàbá?"

"Kọfí mi ń tutù."

Báyìí ni wọ́n ṣe lo ìgbà òtútù náà. Bí iná bá ti ràn dáadáa, ògiri á ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Reino á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ilé àwọn arúgbó. Ṣùgbọ́n Aune rí i pé ọ̀pá bàbá òun kò nà sókè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìró náà ń sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò dídì ń bọ́ láìní ìró. Reino ti sùn lọ, ọ̀pá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògiri ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Aune fọwọ́ kan àyà bàbá rẹ̀. Ó ń mí. Kò fẹ́ jí i. Ó mú ọ̀pá náà, ó kan ògiri lẹ́ẹ̀kan.

Ògiri dákẹ́. Ó dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn sítóòfù gan-an, níbi tí kò ga ju orúnkún lọ: kò. Kò.

Aune dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta. Kò wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni: sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ó mọ̀ pé ọwọ́ mi kọ́," ni Reino wí. Kò lajú.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó ni kí n kàn, Bàbá?"

 Lẹ́yìn gíláàsì sítóòfù, iná náà rọra tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń yà fún àlejò lọ́nà.