Ọ̀nà tí Àlùbọ́sà Gbà Dé Odoakpu

Ìgbàkígbà tí Nùsáybà bá ń gé àlùbọ́sà ní ìsọ̀ oúnjẹ ìyá rẹ̀ ní Iweka Road ní Onitsha, ojú rẹ̀ á máa ṣomi, ọkàn rẹ̀ á sì rìn lọ. Yabasị ni àwọn Ìgbò tó ń wá jẹun ń pe nǹkan náà. Àfáà ilé kéwú ní basal ni Lárúbáwá ń pè é. Sàádátù, ọmọ Hausa tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, ló sọ èyí tó kù fún un nígbà tí wọ́n jókòó lórí àpò àlùbọ́sà tí bàbá rẹ̀ ń tà: albasa ni tiwọn, ọwọ́ wọn ni Yorùbá sì ti gbà á. Láti ọjọ́ náà, bí omijé bá ti bo Nùsáybà lójú, á máa rí ọ̀rọ̀ náà lórí ràkúnmí, tó ń la aṣálẹ̀ bọ̀, tó ń pààrọ̀ aṣọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé Odoakpu, àdúgbò tí wọ́n ń gbé.

Nígbà tí tíṣà ní kí oníkálukú wá sọ ìtàn ọ̀rọ̀ kan, kí ẹni tó bá sọ ọ́ dáadáa jù sì lọ ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn níbi ìdíje ní Ogbunike, Nùsáybà ti mọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó wù ú láti lọ, àní ó ń lá àlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣeun, ọmọ kíláàsì wọn tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní bó bá dárúkọ Hausa níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, "Aboki", orúkọ tí wọ́n fi ń fi Hausa ṣẹ̀sín, ni gbogbo wọn yóò máa pè é títí wọn yóò fi jáde ìwé. Ẹ̀rù ba Nùsáybà.

Ló bá dìde, ó sì sọ ọ́ dídùn dídùn. Ó ní láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni ràkúnmí ti gbé ọ̀rọ̀ náà tààrà dé ilẹ̀ Yorùbá, kí Yorùbá tó gbé e dé Onitsha. Kò dárúkọ Hausa rárá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, tíṣà sì ní òun ni yóò lọ. Sàádátù kàn kó ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Nírọ̀lẹ́, omijé tún bo Nùsáybà lójú nídìí àlùbọ́sà. Ràkúnmí dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dà á. Òun fúnra rẹ̀ ló ti lé ẹni náà kúrò lọ́nà. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì sunkún gidi. Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní kó lọ tún un ṣe níbi tó ti bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ tíṣà pé kó jẹ́ kí òun tún ọ̀rọ̀ òun sọ.

"Mo fo ibì kan lánàá," ló wí. "Hausa ló gbé àlùbọ́sà fún wa, tòun torúkọ rẹ̀. Sàádátù ló kọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n, ojú ló ń tì mí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì pe "Aboki" láti ẹ̀yìn. Tíṣà bá wọn wí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Nùsáybà, ṣùgbọ́n ó ní ẹlòmíì ni yóò lọ sí Ogbunike, nítorí ìtàn tí kò pé ló fi borí. Ó dùn ún wọnú egungun.

Nígbà tó yá, Sàádátù kó ìwé rẹ̀ padà wá sí àyè rẹ̀.

"Bàbá mi ní àwa náà gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá ni," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Nígbà náà ló yé Nùsáybà pé kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíì. Inú kí ó sẹ́ ẹni tó fún un ni ìtìjú wà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jọ ń gé àlùbọ́sà ní ìsọ̀, ojú wọn sì jọ ń ṣomi.